Àga Ẹnu Ọ̀nà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú Fèyí ṣe ń ru, ẹ bi ọmọ ọdún méjìdínlógún ní ìbéèrè níwájú rẹ̀, kí ìyá ọmọ náà sì bá a fèsì. Ẹ ó rí i bí imú rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀, tí yóò sì rọra gbé bírò ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì. Kò ní gbé e mọ́ títí ìyá ọlọ́rọ̀ yóò fi dákẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní yunifásítì aládàáni kan l'Ábújá, òun ni olùdámọ̀ràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ bá bí ọdún kìíní wọn bá ń parí lọ, tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ yan ẹ̀ka tí yóò fi ìyókù ọdún rẹ̀ kọ́. Ẹni tó wọlé láti kọ́ òfin lè rí i pé ẹran sísìn ló wu òun. Ẹni tó wọlé láti kọ́ ẹ̀rọ lè rí i pé èdè ni Ọlọ́run fi jíǹkí òun. Kò sí aburú níbẹ̀. Ohun tó ń bí Fèyí nínú ni pé nínú ọmọ mẹ́wàá, méje ni kì í dá wá. Ìyá ló ń tì wọ́n wọlé, tàbí bàbá, tàbí àbúrò bàbá kan tó wà ní Kánádà, tó ń pàṣẹ láti inú fóònù bí ọba. Ìdí nìyẹn tó fi gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn ibi tí ọmọ ń jókòó sí, níbi tí ọmọ kò ti ní lè máa wojú òbí rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Òbí tó bá fẹ́ bá ọmọ wọlé, àga ẹnu ọ̀nà ni tirẹ̀, kó sì pa ẹnu mọ́. Àwọn òbí kórìíra àga yẹn ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìbínú yìí kan náà ló mú òun àti Hafeez pàdé. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Wuye ló pè é pé kó wá bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni bàbá kan dìde, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí tèmi yìí, mà. Dókítà ni. A ti yàn án tipẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," Fèyí ní. "Dókítà wa yìí, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́tàlá."

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Bi í ní kí ni?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Nígbà tí ìpàdé tú, ẹni náà dúró de Fèyí nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ bùbá funfun, ojú sì ń tì í.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin kọ́ ni mo fi ṣẹ̀rín. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé kí ẹ ti wà níbẹ̀ nígbà tí èmi náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá."

"Kí ni wọ́n yàn fún yín?"

"Ìṣirò owó. Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí."

"Kí lẹ̀yin ì bá ti yàn?"

Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan? Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí."

Gbólóhùn yẹn ni Fèyí gbé lọ sílé. Kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Kò pẹ́ tó fi mọ ohun tí Hafeez ì bá ti yàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó yà kí i ní fúláàtì rẹ̀, ó bá ike ọ̀dà mẹ́rìndínlógún lórí bákónì: tòmátì nínú mẹ́jọ, ata rodo nínú márùn-ún, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nínú ìyókù. Bí Hafeez bá ń sọ̀rọ̀ báǹkì, ohùn rẹ̀ a máa wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kan ọ̀rọ̀ tòmátì! Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò fi ìka wádìí erùpẹ̀, yóò ṣàlàyé fún ọ pé eléyìí ń fẹ́ oòrùn, tọ̀hún ń fẹ́ ibòji, ìwọ náà yóò sì bá ara rẹ lórí ìkúnlẹ̀. Fèyí fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi bò ó. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tí Hafeez bi í ní oṣù kẹjọ tí wọ́n ti mọra bóyá yóò fẹ́ òun, ó ti ní "Bẹ́ẹ̀ ni" kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Hafeez gbé ike tòmátì kan fún un lọ́jọ́ náà, ó ní kó máa bá òun tọ́jú rẹ̀ títí tí ilé méjèèjì yóò fi di ọ̀kan.

"Ó ku kí n sọ fún Mọ́mì," ló wí.

Kíkù yẹn gba oṣù mẹ́fà. Alhaja, ìyá Hafeez, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ pípa. Gbogbo ìgbà tí Fèyí bá béèrè, ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́.

"Wọ́n ní kí n fún àwọn láyè díẹ̀."

"Àyè láti ṣe kí ni, Hafeez?"

"O mọ àwọn àgbà." Yóò sì yí ọ̀rọ̀ sí ata rodo.

Láàárín àyè díẹ̀ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Lateefah wọ ọ́fíìsì Fèyí. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi híjáàbù dúdú bora. Ó jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà láìjanpata, èyí tó ya Fèyí lẹ́nu. Àmọ́ ojú obìnrin náà kò gbélẹ̀. Ó wo àwòrán ara ògiri. Ó wo bí Fèyí ṣe kí ìyá tó ń gbálẹ̀. Ó tilẹ̀ wo bó ṣe ń mu omi. Fèyí rò pé bóyá ojú ń tì í ni.

Ìmọ̀ oògùn ni Lateefah wọlé láti kọ́, ó sì ti fìdí rẹmi nínú Kẹ́mísírì lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ, òfin ilé ìwé nìyẹn. Ọmọ náà jókòó bí ẹni tí wọ́n mú wá sí kóòtù. Fèyí kò bi í léèrè Kẹ́mísírì. Ìbéèrè kan wà tó máa ń bi gbogbo wọn.

"Ìgbà wo lo gbàgbé oúnjẹ kẹ́yìn? Kì í ṣe pé kò sí oúnjẹ o. O gbàgbé ni, nítorí ohun tí ò ń ṣe. Níbo lo wà?"

Lateefah yí orí padà fẹ́ wojú ìyá rẹ̀, ó rántí pé kò ṣeé ṣe. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Dei-Dei, mà."

"Kí lò ń ṣe lọ́jà ohun èlò ilé ní Dei-Dei?"

"Dádì mi ló máa ń mú mi lọ. Iṣẹ́ táìlì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á lọ rà á níbẹ̀, wọ́n á sì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́. Tí mo bá wo yàrá kan, mo máa ń mọ páálí táìlì tó máa gbà á. Lọ́jọ́ kan mo ní ògiri yìí ò gún. Wọ́n ní ó gún. Wọ́n wọ̀n ọ́n, kò gún lóòótọ́!" Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n pe gbogbo àwọn lébìrà pé ẹ wá wo ọmọ mi. Kí wọ́n tó kú nìyẹn." Ẹ̀rín náà lọ. "Ilé kíkọ́ ni mo fẹ́ kọ́, mà. Kí n máa kọ́ ilé."

Ohùn kan jáde láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ tó gbé e mì. Fèyí gbé ìka sókè.

"Mà, àga yẹn kì í sọ̀rọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá. Nígbà kẹta, fọ́ọ̀mù ìyípadà ti pé, ó ku ìlà kan ṣoṣo, ibi tí òbí yóò ti fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́rin ni Fèyí ti ń bá ilé ìwé jà pé kí wọ́n yọ ìlà yẹn dànù. Ọmọ tó lè dìbò yan ààrẹ, wọ́n ní kò lè yan ohun tí yóò kà! Wọn ò gbọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn gbígba fọ́ọ̀mù.

"Mo ní láti kọ́kọ́ fi tó ẹ̀gbọ́n mi létí," ni ìyá Lateefah wí. "Àwọn ló ń dá sí ọ̀rọ̀ wa láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí."

Fèyí gbé bírò lélẹ̀. "Mà, ta ni ìyá rẹ̀?"

Obìnrin náà dìde. Ó mú fọ́ọ̀mù, ó ká a sínú báàgì, ó jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hafeez pe Fèyí pẹ̀lú ayọ̀. "Mọ́mì ti ṣe tán! Ọjọ́ Sunday yìí, ní Wuye."

Fèyí ra èso, ó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé tí Hafeez fẹ́ràn. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaja nínú pálọ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn bíi fóòmù. Alhaja dá a lóhùn dáadáa, ó bi í léèrè bàbá àti ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé sóbò tútù wá. Hafeez jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Obìnrin tó gbé sóbò wọlé ló mú kí Fèyí fò dìde.

"Háà! Ìyá Lateefah! Ẹ̀yin náà mọ ilé yìí?" Ó rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ó rò pé àkọsẹ̀bá ni. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo inú tíréè.

"Nafisah, àbúrò mi ni," Alhaja ní. "Èmi ni mo rán an sí ọ. Jókòó, ọmọ mi. Ní ìdílé tiwa, a kì í gbéyàwó láìṣèwádìí. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, a ó rán èèyàn lọ sí abúlé ọmọ, yóò béèrè pé ṣé àrùn wà nílé wọn, ṣé wọ́n ń jà. Ṣùgbọ́n Àbújá ò ní abúlé. Ibi iṣẹ́ yín ni abúlé yín. Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ọmọ Nafisah wà nílé ìwé yín."

Ẹ̀rín kú sí Fèyí lẹ́nu. Ó rántí ojú tó ń wo ògiri. Ó rántí omi tó mu. Wọ́n fi ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ṣe àtùpà, wọ́n fi ń wo òun kiri bí ẹni ń wo àgbò ìléyá!

"A gbọ́ pé o gbọ́n," Alhaja ń bá a lọ. "O kì í gba rìbá. O máa ń kí ẹni tó kéré sí ọ. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ẹyọ kan. O ní kí ọmọ wa fi oògùn sílẹ̀, kó lọ máa po símẹ́ńtì."

"Mọ́mì, èmi kọ́ ni mo ní kó..."

"Ẹni tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má gbọ́ ti òbí, kí ni yóò kọ́ èyí tó bá bí fún Hafeez? Mo ti rí irú ẹ̀ rí. Iṣẹ́ táìlì yìí náà ni. Mo sọ fún Nafisah nígbà náà pé kó má fẹ́ ẹlẹ́táìlì, kò gbọ́. Kí ló rí jẹ níbẹ̀? Eruku. Eruku náà ló sì pa ọkùnrin yẹn. Ọmọ rẹ̀ wá fẹ́ lọ bá a nínú eruku."

Àwọn ife orí tíréè ń lu ara wọn. Àǹtí Nafisah ni kò tíì gbé e kalẹ̀.

"Ó rọrùn," Alhaja ní. "Hafeez fẹ́ kí o pe Lateefah, kí o sọ fún un pé o ṣèèṣì, kó padà sídìí oògùn rẹ̀. O ní ẹnu níbẹ̀, ọmọ náà ń gbọ́ tìrẹ. Bí o bá ti ṣe é, a ó wá tọrọ ìyàwó lóṣù tó ń bọ̀."

Fèyí yíjú sí Hafeez. "Kí ni ìwọ wí?"

"Ohun tí mo sọ yìí náà ló wí," ni Alhaja dáhùn.

Hafeez ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Kò sí bírò lọ́wọ́ Fèyí, ife sóbò tó ti mú lórí tíréè ló wà níbẹ̀. Ó rọra gbé e lélẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo bọ̀wọ̀ fún yín." Alhaja ló kọjú sí. "Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn bá mi sọ, kò yẹ kó dé pálọ̀ yìí rárá. N ò sì ní purọ́ fún un nítorí pé mo fẹ́ lọ́kọ."

Ó kúnlẹ̀, ó dágbére, ó jáde. Máìgádì kí i pé "Sànnu, Hajiya," ó juwọ́ sí i, ó kọjá. Ó ti dé ìta gééti kí Hafeez tó sáré bá a.

"Fèyí, dúró ná!"

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ wádìí. N ò mọ̀ pé Àǹtí ló ń lọ, àfi ìgbà kejì."

"Ìgbà kejì! Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n wá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ò ń pè mí, tí ò ń bi mí báwo ni iṣẹ́ lónìí. O mọ̀!"

"Ẹnu lásán ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Pe ọmọ náà, sọ ọ́, kó tán. Bí a bá ti ṣègbéyàwó, kó ṣe ohun tó wù ú."

"Wọ́n á ti tilẹ̀kùn nígbà náà! Wọ́n á ti lé e kúrò nílé ìwé! Ìgbéyàwó wa á dùn, àbí?" Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Hafeez, ìwọ fi tẹrú jẹ́ ẹ."

Ó dùn ún. Ó hàn lójú rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Fèyí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìta gééti lo ti sọ ọ́. Nínú pálọ̀ ńkọ́?"

Fèyí wọ ọkọ̀, ó sì sunkún títí dé ilé, ẹkún ẹni tí inú ń bí.

Ìyá rẹ̀ pè láti Ìṣẹ́yìn ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Fèyí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọmọdé mọ́. Kí ni Lateefah jẹ́ sí ọ? Ṣé òun ni yóò sin ọ́ relé ọkọ? Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ní kí o sọ!"

"Màámi, ẹnì kan sọ gbólóhùn kan péré fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń rí lójoojúmọ́. Òun ló bà wọ́n jẹ́."

Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ gba fóònù. "Fèyí, bi ìyá rẹ léèrè bóyá èmi ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ yàn fún un." Ìyá rẹ̀ pòṣé, ó já fóònù náà gbà padà. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà, Fèyí sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sunday.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ṣé kí a máa parọ́ pé kò dùn ún? Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bu omi sí ike tòmátì Hafeez, bí ẹni pé ewé ló ṣẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó bu omi sí i, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bó bá jẹ́ pé òun ló le jù ńkọ́? Bí gbogbo ọkùnrin tó kù bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Lateefah, mo ti tún ọ̀rọ̀ rẹ rò." Ó wo ohun tó kọ. Ó rí ọmọ náà bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí ògiri tí kò gún. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó tilẹ̀ kọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Bẹ́ǹṣì ìta kún fọ́fọ́ láti àárọ̀, fọ́ọ̀mù Lateefah kò sì dé. Aago mẹ́ta kọjá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kó lu mẹ́rin nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Lateefah wọlé, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fèyí nawọ́ sí àga ẹnu ọ̀nà láìrẹ́rìn-ín. Àǹtí Nafisah kò jókòó síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́.

"Mà," Fèyí ní, "inú ń bí mi sí yín."

"Ó yẹ kó bí ọ." Obìnrin náà ṣí híjáàbù kúrò lágbọ̀n. "Ìbéèrè tí o bi ọmọ mi lọ́jọ́sí, bi èmi náà."

Fèyí wò ó. Ó wo aago. "Ìgbà wo lẹ gbàgbé oúnjẹ kẹ́yìn? Níbo lẹ wà?"

"Kwali. Bàbá rẹ̀ gba iṣẹ́ ilé kan níbẹ̀. Nígbà tó lẹ táìlì yàrá àkọ́kọ́ tán, ó mú mi lọ wò ó. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín, kí n wò ó bóyá mo máa rí ibi tó ga tàbí ibi tó jìn. Mo rìn ín láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀rín là ń rín, kò sẹ́ni tó rántí oúnjẹ. Ọdún mẹ́ta nilé wa fi kọ̀ ọ́. Mo dúró, ọmọ mi. Èmi yìí dúró!" Ó lu àyà. "Àfi lọ́jọ́ Sunday, wọ́n bú u lójú mi, òkú tí kò lè dáhùn, èmi sì gbé tíréè dání. Láti ọjọ́ yẹn n ò lè wo ojú Lateefah. Mú bírò wá."

Ó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ le débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Lẹ́nu ọ̀nà, àga tí kì í sọ̀rọ̀ bú sẹ́kún, Fèyí kò sì gbé ìka sókè.

"Nǹkan kan ṣì kù," Àǹtí Nafisah ní. "Nígbà tí mo lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo sọ ni pé kí wọ́n tètè fẹ́ ọ, kò sí irú rẹ. Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ ìyẹn fún ọ."

Aago mẹ́rin lù. Fèyí lẹ fọ́ọ̀mù mọ́ ìyókù, ó ní kí akọ̀wé gbé wọn lọ, ó sì sọ fún àwọn tó ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì fún ìmọ̀ràn pé ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó kò ní padà sílé láìrí òun. Ó ń sin Àǹtí Nafisah jáde ni Hafeez yọ ní kọ́rídọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, táì rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

"Ṣé mo ti pẹ́?"

"Sí kí ni?" Fèyí ní.

"Fọ́ọ̀mù Lateefah. Mo fẹ́ bẹ Àǹtí kí wọ́n fọwọ́ sí i."

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó dúró dè ọ́."

Hafeez wo Àǹtí Nafisah, bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun bẹ̀bẹ̀. Fèyí rí i. Ó rí i dáadáa.

"Má wò mí," Àǹtí Nafisah ní. "Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Bí ojú bá sì ti mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀bá." Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n lọ.

"Tèmi ńkọ́, Fèyí?" Hafeez béèrè.

"Ẹni mẹ́fà ló wà níwájú rẹ. Jókòó."

Ó jókòó. Ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógójì tó wọ kóòtù báǹkì há sáàárín àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Fèyí padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí ooru. Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún ara rẹ̀. Ẹnì kan wọlé, ó jáde. Ẹni kejì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún níta, ohùn orin tí Fèyí mọ̀, èyí tí Hafeez fi sí ti ìyá rẹ̀ nìkan. Láìmọ̀, ó gbé bírò lélẹ̀.

Fóònù náà dún títí. Ó dákẹ́. Ó tún dún.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Mọ́mì," ni Hafeez wí. Kò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Rárá, mà, n ò sí ní báǹkì. Ọ́fíìsì Fèyí ni mo wà. Lórí bẹ́ǹṣì... Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀, mà, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń wò mí... Rárá, Mọ́mì. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá. Ohun tó bá bi mí, èmi fúnra mi ni mo máa dáhùn, bó bá sì ní òun ò fẹ́ mi mọ́, èmi náà ló máa sọ ọ́ fún... Ẹ má bínú, mà. Mo máa pè yín bó bá ti kàn mí."

Ẹ̀pà dúró sí ọ̀kan lọ́wọ́ nínú àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì.

Fèyí kò tíì dárí jì í. Ẹ má ṣe jẹ́ ká tàn yín. Ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, kò sì ní fo ọ̀kan. Ó wo àga ẹnu ọ̀nà tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò rẹ̀, ó parí ti ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì na ọrùn síta.

"Ẹni tó kàn!"

Ọmọ kan dìde, Hafeez sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì.